Bí Kíláàsì Tíṣà Jẹ́jẹ́ Ṣe Di Pupa

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ o. Àárò rẹ ń sọ mí. Mo nírètí pé ara rẹ ti mókun, pé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú nígbà tí o kọ̀wé gbẹ̀yìn ti fi ọ́ sílẹ̀, àti pé onílé àwọn ọ̀rẹ́ tó gbà ọ́ sílé ti bá yín tún ẹ̀rọ omi yẹn ṣe. Bí o bá fẹ́ mọ bí èmi ṣe wà, mo wà. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Orúnkún mi ni kò fẹ́ gun àtẹ̀gùn mọ́, èmi náà kò sì kúkú ní òkè kankan tí mo fẹ́ lọ. Àbúrò rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ síbí pé òun kọ́ ló fọ́ dígí rẹ. Òun ló fọ́ ọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á lórí ìjókòó, mo dìde, mo tún kà á lórí ìdúró. O ní Àǹtí rẹ pè ọ́, ó ní àyè iṣẹ́ kan ṣí sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ àgbègbè wa, lábẹ́ òun gan-an, láàárín àwọn tó ń mójú tó ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ fi ń tẹ̀ lé ìlànà ẹ̀kọ́. O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn. O wá fi kún un nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń yọ́ wọlé: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà láàárín ẹ̀yin àti Àǹtí? Wọ́n ní àwọn kí yín lójú ọ̀nà, ẹ ò dáhùn." Òótọ́ ni. Ó kí mi, mi ò dáhùn. Ìbéèrè méjì lo bi mí, ìdáhùn kan náà ló wà fún méjèèjì, kò sì kúrú. Jókòó dáadáa kí o tó kà á.

Ìwọ mọ Àǹtí rẹ bí ẹni tó máa ń ra bàtà fún ọ. Èmi mọ̀ ọ́n látìgbà tí a ti jọ ń sùn ní yàrá kan ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Abẹ́rẹ́ là ń pè é nígbà náà, nítorí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, á fọwọ́ lé ìbàdí, á ní, "Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Lọ́jọ́ tí mo bí ọ, tí bàbá rẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú títí ọwọ́ náà fi wú. Òun ló gbé ọ kí n tó gbé ọ. Nítorí náà, má rò pé òfófó tàbí ọ̀rọ̀ àhesọ ló tú wa ká.

Nígbà tí wọ́n fi í jẹ ọ̀gá lórí ìlànà ẹ̀kọ́ fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àgbègbè wa, ilé wa ló kọ́kọ́ wá. Ó di kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun. O rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ́ ohun tó wù ú nígbà tó wù ú. Bí òbí bá kó láti àdúgbò kan lọ sí ìkejì, ọmọ rẹ̀ á di àlejò nínú ìwé: ohun tó ti mọ̀ ni wọ́n á tún máa kọ́ ọ, ohun tí kò mọ̀ ni wọ́n á ti kọjá. Abẹ́rẹ́ ní òpin ti dé bá ìyẹn. Ó ní gbogbo ìlànà iṣẹ́ wa á wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Olùkọ́ tó bá ṣí i á rí ohun tó kàn lọ́sẹ̀ náà, á rí bí àwọn olùkọ́ mìíràn ṣe kọ́ ọ, á sì fi tirẹ̀ síbẹ̀ kí ẹlòmíràn lè jàǹfààní. Ó gbá mi lọ́wọ́, ó ní, "Ohun tí ìwọ mọ̀ yìí, o ò ní gbé e relé mọ́ lọ́jọ́ tí o bá fẹ̀yìn tì. Á wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀."

Ọmọ mi, mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìyá rẹ jẹ́ arúgbó tó ń bẹ̀rù kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo bá a lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́. Èmi ni mo bẹ àwọn tó ń kùn. Àwọn tó ní àwọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ, èmi ni mo jókòó tì wọ́n. Bí o bá ti rí ẹnu mi nígbà náà, wàá rò pé èmi ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa. Tíṣà Jẹ́jẹ́ ni, tó kọ́ ọ ní kíláàsì kejì. Ògiri kan ṣoṣo ló la kíláàsì rẹ̀ àti tèmi. O rántí bó ṣe máa ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń tu ajá nínú, tí á ní, "Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, ìṣirò kì í sá lọ." Nígbà tí Abẹ́rẹ́ wá bá gbogbo wa ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa, Tíṣà nawọ́, ó dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Lọ́jọ́ tí mo bá rí i lójú àwọn ọmọ pé kò tí ì yé wọn, tí ẹ̀rọ sì ní kí n máa lọ, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?" Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ́ ló ni yín. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà lórí àga yìí, ẹnikẹ́ni ò ní fi da yín lẹ́jọ́." Gbọ̀ngàn náà hó. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́ jù.

Ìsinmi yẹn la fi kó iṣẹ́ wa sínú ẹ̀rọ. Gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n kó wa sí. Wáyà nà kálẹ̀ bí ìtàkùn, ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ á máa gbẹ́sẹ̀ sókè bí àkùkọ nínú ẹrẹ̀. Àwọn kan fi ìka kan ṣoṣo ń tẹ̀wé bí ẹni tó ń dán áyọ́ọ̀nù wò bóyá ó ti gbóná. A rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà Jẹ́jẹ́ kò lè tẹ̀wé, ó ń sọ, èmi ń bá a tẹ̀ ẹ́. Gbogbo àwàdà rẹ̀ la kó sínú rẹ̀. Èyí tó fi ń kọ́ àyọkúrò, tí ilé ẹyọ kò ní tó, tó ní láti lọ yá lọ́wọ́ ilé ẹ̀wá, mo ń rẹ́rìn-ín débi pé mi ò rí ojú ẹ̀rọ mọ́: "Ẹyọ lọ kan ilẹ̀kùn Ẹ̀wá. Kò, kò, kò! 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi ní ọ̀kan.' Ẹ̀gbọ́n ní, 'Ìwọ yìí náà? Àná ńkọ́, tí o yá ìkòkò mi, tí o dá ìdérí nìkan padà?'" Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀, fún olùkọ́ tó bá fẹ́ lò ó: "Dúró díẹ̀ níbí kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín." Mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Táàmù àkọ́kọ́ dára, mi ò ní purọ́. Ọmọbìnrin káfíńtà kan kó wá sí àdúgbò wa láàárín táàmù. Láyé àtijọ́, á ti jókòó sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, á máa wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó ti kọjá. Lọ́jọ́ tó dé gan-an ló nawọ́ sókè, nítorí ibi tí wọ́n ti dúró lọ́hùn-ún la wà. Mo pe Abẹ́rẹ́ lórí fóònù nígbà ìsinmi ọ̀sán. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ó ti ṣiṣẹ́." Ẹkún ló ń sun.

Ọ̀gá àgbà tuntun ló dé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkùnrin tó fẹ́ràn kí á máa fi nǹkan hàn án lára ògiri ni. Ó bi wọ́n pé, báwo ni òun ṣe fẹ́ mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí ń kọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ lóòótọ́? Àwọn tó ta ẹ̀rọ náà fún wọn bá fi àwọ̀ sí i. Bí o bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà tán, wàá tẹ ibì kan ní ọjọ́ Ẹtì, kíláàsì rẹ á di àwọ̀ ewé. Bí o kò bá tẹ̀ ẹ́, á pupa. Wọ́n á wá to gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ láti orí èyí tó tutù jù dé èyí tó pupa jù, ọ̀gá àgbà á sì máa wò ó nínú ọ́fíìsì rẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bí fóònù rẹ̀ bá ti dún lọ́jọ́ Ẹtì, òógùn á bò ó. Á máa lọ láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì, á yọ orí wọlé, á ní, "Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ná, ẹ ó kọ́ ọ tó bá yá." A ń tẹ̀ ẹ́. Tó bá yá kò yá rí. Ọjọ́ Ajé tó bá tún dé, ẹ̀kọ́ mìíràn ti wà nílẹ̀, èyí tí a fò á sì wà lọ́rùn àwọn ọmọ. Díẹ̀díẹ̀, a kò wo ojú ọmọ mọ́, ojú ẹ̀rọ la ń wò.

Tíṣà Jẹ́jẹ́ nìkan ni kò tẹ̀ ẹ́. Àyọkúrò yìí náà ló dé. Ìdajì kíláàsì rẹ̀ kò mọ ìdí tí a fi ń yá nǹkan lọ́wọ́ ilé ẹ̀wá, ó sì ní òun kò ní kúrò níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Ó kó ìdérí ìgò wá, ó kó igi ìṣáná wá, ó mú wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn kan ń ṣe ilé ẹyọ, àwọn kan ń ṣe ilé ẹ̀wá. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kíláàsì rẹ̀ pupa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó pupa. Ọ̀gá wa bẹ̀ ẹ́ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, kí n sọ pé mo ti kọ́ wọn? Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwọn ọmọ yẹn wà níbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé mi ò tí ì kọ́ wọn."

Wọ́n pe gbogbo olùkọ́ àgbègbè sí gbọ̀ngàn kan náà tí a ti kó iṣẹ́ wa sínú ẹ̀rọ. Wọ́n pa iná, wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń kọjá, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún irọ́ ara wọn. Nígbà tó kan tiwa, kíláàsì kan ṣoṣo pupa láàárín bí ojú tó ń ro èèyàn. Ọ̀gá àgbà ní kí ẹni tó ni ín dìde. Tíṣà Jẹ́jẹ́ dìde. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà bọ́ sí i lára, ẹ̀wù funfun rẹ̀ di pupa láti ọrùn dé ìbàdí. Ọ̀gá àgbà ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ju gbogbo àgbègbè lọ ni?" Ó ní, "Rárá, sà. Àwọn ọmọ ni kò tí ì mọ̀ ọ́n." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tí mo mọ̀ ni wọ́n, tí àwọn náà ń purọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Abẹ́rẹ́ ló dúró ti ògiri, òun ló ń tẹ ẹ̀rọ tó ń yí àwòrán. Mo ń wò ó, mò ń retí kó sọ̀rọ̀. Nígbà tí kò sọ nǹkan, èmi dìde. Mo ní, "Ẹ ṣèlérí fún wa ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹ ní ọmọ ni ká gbọ́ tirẹ̀. Ẹ ní wọn ò ní fi da ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́." Ó wò mí. Ọmọ mi, látìgbà tí a ti mọra, kò pè mí ní nǹkan mìíràn ju orúkọ ìnagijẹ mi lọ, àní níwájú bàbá rẹ. Lọ́jọ́ yẹn ó gbẹ́nu sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Màdáámù, ẹ jókòó." Mo jókòó.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ Tíṣà Jẹ́jẹ́ kúrò ní kíláàsì. Wọn ò lé e o. Wọ́n gbọ́n ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní ó ti di olùrànlọ́wọ́ ní ẹ̀ka ohun èlò. Ẹ̀ka ohun èlò ni yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì, tí wọ́n ń kó àga tó ti kán àti kọ̀ǹpútà tó ti kú sí. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, á so táì, á fi ṣọ́ọ̀kì sápò láàárọ̀, á wá rántí, á yọ ọ́. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí, níbi tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti ọ̀dà. Mo lọ kí i. Ó bá mi gbé àga, ó bi mí léèrè rẹ, ó bi mí léèrè ilé. Kò bi mí léèrè ilé-ẹ̀kọ́. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ti gba ẹ̀kọ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi èmi ṣe?"

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kò tí ì kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n ní kò pọn dandan kó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀rọ ti mọ ohun gbogbo. Wọ́n fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kó máa kà á bó ṣe wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń pa pátákó mi rẹ́, mo bá ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ohùn gbẹrẹfu, bí ẹni tó ń ka ìkìlọ̀ ara ìgò oògùn. "Ẹyọ lọ kan ilẹ̀kùn Ẹ̀wá. Kò, kò, kò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi ní ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ní, Ìwọ yìí náà. Àná ńkọ́, tí o yá ìkòkò mi, tí o dá ìdérí nìkan padà. Dúró díẹ̀ níbí kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín." Ó ka ìyẹn náà. Ó dúró díẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú.

Mo lọ bá a nígbà ìsinmi. Kì í ṣe ọmọ burúkú, ojú rẹ̀ ti pọ́n fún àìsùn. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fo ọ̀rọ̀ kan." Mo ní kó jẹ́ kí n wo tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Níbi tí mo ti tẹ orúkọ Tíṣà Jẹ́jẹ́ sí pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, orúkọ ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló wà níbẹ̀. Mo wá tèmi. Bákan náà ni. Gbogbo wa ti yọ́ bí iyọ̀ nínú omi, adùn rẹ̀ nìkan ló kù, àwọn ló sì ni ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mi ò tẹ nǹkan kan. Ti ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò tẹ̀ ẹ́. Mò ń padà sẹ́yìn, mò ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní ohun tí a ti fò. Ọ̀gá wa dé ẹnu ọ̀nà mi, ó rí ojú mi, ó yà lọ. Èsì ìdánwò àpapọ̀ dé láàárín ìgbà náà. Àgbègbè tó tutù yọ̀yọ̀ lára ògiri, àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè yọ mẹ́sàn-án kúrò lára mẹ́tàlélógún. Ṣé o rò pé wọ́n ronú? Ọ̀gá àgbà ní àwọn olùkọ́ ni kò fi òótọ́ lo ẹ̀rọ. Ó ní kí wọ́n ra kámẹ́rà kún un.

Abẹ́rẹ́ wá sílé wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Inú mi tilẹ̀ dùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé ó wá bẹ̀ mí ni. Mo gbé omi fún un. Ó yọ bàtà rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ sórí àga bó ṣe máa ń ṣe látijọ́, ó sì fi orúkọ ìnagijẹ mi pè mí. Ó ní, "Mo rí orúkọ rẹ láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ yọ kúrò ní kíláàsì. Kí ló dé tí o ò tẹ̀ ẹ́? Ìka kan péré ni." Mo ní mi ò tí ì kọ́ ọ tán. Ó mirí. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi lórúnkún. Ó ní, "Olóríkunkun. Fọkàn balẹ̀, mo ti bá ọ ṣe é. Láti ọ́fíìsì mi ni mo ti sọ gbogbo tìrẹ di àwọ̀ ewé láàárọ̀ àná. Tíì tí mò ń mu kò tí ì tutù tí mo fi ṣe é tán."

Mo bi í pé, "O lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Ta ló ń bójú tó o? Mo lè yí èyí tó bá wù mí."

"Látìgbà wo?"

"Látìbẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Lọ́jọ́ tí Tíṣà Jẹ́jẹ́ dúró nínú gbọ̀ngàn, tí ẹ̀wù rẹ̀ pupa. O lè ṣe é lọ́jọ́ yẹn?"

Ó ń wo inú ife omi. Ó gbójú sókè, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń fún mi ní ẹ̀bùn: "Ìwọ kì í ṣe òun. Ọ̀rẹ́ mi ni ọ́."

Ọmọ mi, ká ní ó sọ pé agbára òun kò ká a ni, ǹ bá ti darí jì í. Mo ti múra tán láti darí jì í. Mo ti ń bá a wá àwáwí lọ́kàn mi láti oṣù mélòó kan: pé apá rẹ̀ kò ká ọ̀gá àgbà, pé ẹ̀rọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ẹni tó gun ẹkùn kò lè sọ̀ kalẹ̀. Àṣé ìka kan péré ni. Ó dúró níbẹ̀, ìka náà wà lára ẹ̀rọ, ó ń wo ọkùnrin náà, kò tẹ̀ ẹ́. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ìfẹ́ ló gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Kò wá purọ́ fún mi. Ó fẹ́ràn mi lóòótọ́.

Mo ní, "Lọ dá a padà." Ó ní, "Kí ni?" Mo ní, "Pupa mi. Lọ dá a padà fún mi." Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé mo ti dìde, tí mo ti ṣílẹ̀kùn, ó wọ bàtà rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, "O ò mọ ohun tí wọ́n máa ń bá mi sọ nínú ọ́fíìsì yẹn." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ ọ́n." Mo pa ilẹ̀kùn dé. Látìgbà náà ló ń kí mi lọ́nà.

Kò dá a padà. Títí di òní, nínú ẹ̀rọ yẹn, èmi ni olùkọ́ tó kọ́ ohun gbogbo tán. Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ti sọ fún ọ pé àìsàn orúnkún ni. Mi ò ní ìdí láti bá orúnkún mi jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Mo ti kọ ìdáhùn mìíràn síbí lẹ́ẹ̀kan, mo ya á. Mo kọ ọ́ pé kí o kọ̀ ọ́, kí o má fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Nígbà tí mo kà á padà, mo rí i pé ìbínú mi ni mo fẹ́ fi bọ́ ọ. O ti pẹ́ nílé àwọn ọ̀rẹ́ tí ojú wọn ti ń rẹ̀wẹ̀sì bí wọ́n bá rí ọ. O ti kọ̀wé síhìn-ín, o ti kọ̀wé sọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó dá ọ lóhùn àfi Àǹtí rẹ. Èmi tí mo bí ọ kò ní iṣẹ́ tí mo lè mú lọ́wọ́ kan kí n fi lọ̀ ọ́. Nítorí náà, gbà á. Mo kọ ọ́ bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́. Gbà á.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Bí ọjọ́ kan bá dé tí wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń yí àwọ̀, tí o rí orúkọ ẹni tí o fẹ́ràn tó pupa, tí ti ẹni tí o ò mọ̀ rí náà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má fọwọ́ kan ti ẹni tí o fẹ́ràn bí o kò bá ní fọwọ́ kan ti ìkejì. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ àbúrò rẹ ni.

Ọ̀nà rẹ á là, ọmọ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ohun tí ẹlòmíràn á fi ṣẹ́ ẹlòmíràn lápá. Wàá rí oúnjẹ jẹ, wàá sì rí oorun sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá rí ọ lókèèrè kò ní yà sí ọ̀nà mìíràn nítorí rẹ. Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́ fún mi, á sì pa ojú tí mo mọ̀ mọ́ sára rẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tí kì í sì í ti ilẹ̀kùn títí wàá fi dé.

Mo tún rántí: Má fi lẹ́tà yìí han Àǹtí rẹ. Bí ó bá bi ọ́ pé kí ni mo wí, sọ fún un pé mo ní kí o bá mi kí i. Irọ́ kékeré ni. Àwọn tó tóbi, wọn á kọ́ ọ níbẹ̀.